Àtúnlò Irin ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Èrè àti Ewu Rẹ̀

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ara àjákù irin ni alágbẹ̀dẹ ti ń fa ọkọ́ àti àdá yọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Nítorí náà, àtúnlò kì í ṣe àjèjì ní ìlú méjèèjì. Èrè rẹ̀ àti ewu tí ó rọ̀ mọ́ ọn ni ó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò.

Ní ayé àtijọ́, òkúta irin ni àwọn Yorùbá ń wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń fi iná èédú yọ́. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ̀wé lórí irú ilé ìyọ́rin bẹ́ẹ̀ kan ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n irin òkèèrè ti ń wọlé ní ẹ̀dínwó. Ní ọdún 1906, ọ̀nà mọ́tò ti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá sí Ìlọrin. Sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó bá kán sì bọ́ sí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹwìrì ń fẹ́ iná, ẹ̀mú di irin mú, ọmọ owú ń bọ́ lù ú, irin ọkọ̀ sì di àdá mímú.

Èrè iṣẹ́ yìí kò kéré. Èkíní, igi tí à bá gé sun èédú láti yọ́ òkúta ṣẹ́ kù nínú igbó. Èkejì, àgbẹ̀ ń rí ọkọ́ rà ní iye tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀kẹta, ohun tí ìbá di pàǹtí di owó fún ẹni tí ó ṣà á. Ti alumíníọ̀mù tún hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá pín agbára tí a fi ń mú un jáde láti inú òkúta sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 5 péré tó láti yọ́ àlòkù rẹ̀.

Síbẹ̀, tibi tire la dá ilé ayé. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó gbé ní Ọ̀yọ́, sọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921 pé ohun èlò irin òyìnbó kò lálòpẹ́ tó ti ìbílẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó ń lé ti ìbílẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ìyọ́rin ṣe lọ. Alágbẹ̀dẹ wá di ẹni tí ń dúró de ohun tí ẹlòmíràn bá sọnù.

Ewu tí ó ju èyí lọ ni òjé. Alágbẹ̀dẹ mọ sípíríǹgì bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yọ́ alumíníọ̀mù fi mọ ìkòkò ń da ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, agolo àti àjákù oríṣiríṣi pọ̀, kò sì mọ ohun tí ó bá wọn dé. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ròyìn ìwádìí lórí ohun èlò ìdáná 42 irú èyí láti orílẹ̀-èdè 10. Nígbà tí wọ́n fi ohun kíkan sè wọ́n, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni òjé tí ó lè pa ènìyàn lára jáde nínú wọn. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 kú láàárín ọdún 2007 sí 2008 nítorí òjé inú bátìrì ọkọ̀ tí a ń tú láàárín ilé.

Kì í ṣe pé kí iná àgbẹ̀dẹ kú. Ohun tí ó tọ́ ni kí a ṣa àjákù kí a tó yọ́ ọ, kí alumíníọ̀mù tí a kò mọ orísun rẹ̀ má ṣe di ìkòkò ọbẹ̀, kí bátìrì sì jìnnà sí ilé tí ọmọdé wà. Iná lè sọ àjákù di ohun titun, ṣùgbọ́n kò lè mú òjé inú rẹ̀ kúrò.