Kọ̀ǹpútà Tí Ń Fà Bí Ìgbín: Ẹ Má Tíì Gbé E Jù Nù

Ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, ránṣẹ́ pè mí. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó fi ń ṣírò ọjà rẹ̀ ti di ọ̀lẹ pátápátá. Bí ó bá tàn án ní òwúrọ̀, yóò ti mu ẹ̀kọ tán kí ojú ẹ̀rọ náà tó là. Atúnṣe kan ti wí fún un pé ó ti kú, kí ó lọ ra tuntun.

"Tíṣà," ni ìyá náà wí, "orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jẹ mí lówó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá kú, owó mi bá a lọ nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Kò tíì kú, ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ẹ̀yin ònkàwé wa, àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe.

Èkíní, a ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí fíláàṣì, a sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ó lè dá wa lójú. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ̀rọ wà lọ́jà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó bá sọnù kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á.

Èkejì, a tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager sì yọ. Ní abẹ́ Startup ni a ti rí àwọn ètò tí ń jí fúnra wọn bí a bá ti tan ẹ̀rọ. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ìyá náà kò mọ̀ ju méjì lọ. A fi Disable dá àwọn tí kò wúlò dúró. Èyí kò pa wọ́n rẹ́. Ìgbà tí a bá pè wọ́n ni wọn yóò tó dìde. Ṣùgbọ́n ẹ má dá èyí tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì dúró o.

Ẹ̀kẹta, a kó ìdọ̀tí inú Downloads dànù, a sì yọ àwọn ètò tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Ilé tí ẹrù kún dé ẹnu ọ̀nà, ta ni yóò rí ààyè rìn níbẹ̀?

Ẹ̀kẹrin ni ooru. Orí ìdì àǹkárá ni ìyá yìí ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé, aṣọ sì dí ihò tí ó fi ń mí. Kọ̀ǹpútà tí ó bá gbóná jù a máa dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. A pa á, a yọ wáyà iná, a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò. Orí tábìlì líle ni ó ń gbé e lé báyìí.

Ẹ̀karùn-ún ni ó gba owó. Hard disk àtijọ́ ní àwo tí ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ kan a sì máa wá ọ̀rọ̀ kiri lórí rẹ̀. SSD kò ní ohun tí ń yí rárá, nítorí náà ó yá ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni agbára yín ká, òun ni kí ẹ rà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni RAM, tí ó dà bí tábìlì aránṣọ: bí ó bá fẹ̀, iṣẹ́ yá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí ẹ̀rọ yín lè gbà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Microsoft parí ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù October, 2025, Windows 11 kì í sì í gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Linux Mint wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú wọn. Ẹ lè fi fíláàṣì dán an wò láìpa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, kí ẹ rí i bóyá ètò tí ẹ ń lò yóò bá a ṣiṣẹ́.

Nísinsìnyí, kí ìyá aláṣọ tó jókòó dáadáa, ẹ̀rọ rẹ̀ ti là. Ó ti ń pe àwọn ajigbèsè rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ́ lówó, ẹ múra sílẹ̀!