Wèrè, Kògbóògùn, Àkàndá Ẹ̀dá: Kí Ló Dé Tí Orúkọ Tí À Ń Pe Èèyàn Ń Yí Padà?

Títí di ìparí ọdún 2022, wèrè ni òfin Nàìjíríà ń pe ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn. Kì í ṣe èébú ìgboro o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe lọ́dún 1916, tó di òfin 1958, tí àwa náà jogún tí a ò sì fọwọ́ kàn. Òfin náà fún adájọ́ májísíréètì lágbára láti ní kí wọ́n lọ ti èèyàn mọ́ ilé wèrè, irú èyí tí wọ́n ṣí sí Yábàá lọ́dún 1907. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Nínú èyí, aláìsàn ni wọ́n ń pe aláìsàn, ó sì ní ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dù ú, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe mọ̀lẹ́bí.

Irú àyípadà báyìí ti pọ̀ káàkiri ayé, inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì dùn sí i. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló fẹ́ máa ṣọ́ wa lẹ́nu, pé tó bá yá a ò ní lè pe arọ ní arọ mọ́. Ẹ wá wo bó ṣe rí ní Akanran, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà lẹ́yìn Ìbàdàn, àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Ohùn méjì là ń gbọ́ níbẹ̀. Bí òṣèlú tàbí ìjọ kan bá kó ẹ̀bùn wá fún ará ìlú, atọ́kùn ètò á gbé gbohùngbohùn, á kí "àwọn àkàndá ẹ̀dá wa" tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kó tó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀ tán, ẹnì kan ti pariwo nísàlẹ̀: "Ẹ bá mi fa arọ yẹn sẹ́yìn kí mọ́tò ráàyè kọjá!" Èèyàn kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ká má tan ara wa, ṣíṣọ́ ọ̀rọ̀ lò kò bá òyìnbó wá. Nígbà tí ìgbóná ṣì ń pa èèyàn, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pe Ṣànpọ̀nná lórúkọ lọ́sàn-án gangan? Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, tàbí Ọba. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ejò di okùn ilẹ̀. Àfín, abuké, arọ àti aràrá náà ní orúkọ ọ̀wọ̀ tiwọn: ẹni òrìṣà. Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ọbàtálá tó ń mọ ara èèyàn mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọlọ́bàtálá kì í fi í fẹnu kan ẹmu títí dòní. Ẹ̀bi amọ̀kòkò ni, kì í ṣe ti ìkòkò. Lójú tèmi, àlàyé yẹn láàánú ju ti ọ̀pọ̀ oníwàásù ìsinsìnyí lọ, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ni wọ́n máa ń wá sí ẹsẹ̀ ọmọ tó rọ.

Àmọ́ ẹ wo àwọn tí à ń pa orúkọ dà fún dáadáa. Ọba, òrìṣà, ejò: gbogbo wọn ló lè ṣe wá ní nǹkan. Ẹni òrìṣà pàápàá, òrìṣà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là ń bẹ̀rù. Wèrè tó ń rìn ní títì kò ní òrìṣà kankan lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni oníwárápá, kò sì sẹ́ni tó dá ara rẹ̀ láàmú láti wá orúkọ ọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú ọ̀rọ̀ òde òní kò ju èyí lọ: wọ́n ní ká ṣọ́ ẹnu wa lọ́dọ̀ ẹni tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Ìyẹn ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú.

Àwọn ará Akanran fúnra wọn mọ bí orúkọ ṣe ń dun èèyàn. "Ará oko" ni ọmọ ìgboro Ìbàdàn ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ agboolé kan náà ni wọ́n jọ ti jáde. Oko bàbá ẹni ló sọ ẹni di ará oko. Lọ́dún 1968 àti 1969, nígbà tí owó-orí àti ìyà tí àwọn agbowó-orí fi ń jẹ àgbẹ̀ sú wọn, tí Tafa Adeoye sì ṣáájú wọn láti Akanran yìí, arúfin ni wọ́n lójú ìjọba. Wọ́n sọ ara wọn ní Àgbẹ́kọ̀yà. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì bá Tafa Adeoye jókòó sọ̀rọ̀ lọ́dún 1969, aṣojú Àgbẹ́kọ̀yà ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ará oko.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán wá lè yí ìwà padà ni? Àwọn kan ti dán an wò. Darcy Granello àti Todd Gibbs, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ará ìlú àti àwọn olùgbani-nímọ̀ràn ní ìwé ìbéèrè kan náà. Ohun tó yàtọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ: nínú ìwé tí àwọn kan gbà, "àwọn alárùn ọpọlọ" ló wà níbẹ̀, nínú ti àwọn yòókù, "àwọn èèyàn tó ní àrùn ọpọlọ." Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2016, àwọn tó ka "alárùn ọpọlọ" le sí aláìsàn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ran irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò yọ sílẹ̀ rárá.

Nílé níbí ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá èèyàn 2,040 lẹ́nu wò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2005. Ìdá 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà pé oníjàgídíjàgan ni ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ, pé ewu ni. Ìdá 82.7 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó ní àwọn lè ronú àtifẹ́ ẹ kò ju ìdá 16.9 lọ.

Bí wọ́n bá bi ẹ̀yin náà ní irú ìbéèrè yẹn, ta ló máa wá sí yín lọ́kàn? Ó dá mi lójú pé ọkùnrin tó ń ṣa ìdọ̀tí kiri ọjà ni. Obìnrin tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tó ti bímọ, tó ń wo ọmọ bíi pé ọmọ ẹlòmíì ni, kò ní sí níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti pa kòkó rẹ̀ tì, tó ń jókòó sẹ́yìn ilé látàárọ̀ dalẹ́, tí oúnjẹ kò wù ú jẹ, kò ní sí níbẹ̀ náà. Aláìsàn ọpọlọ ni àwọn méjèèjì, ìtọ́jú wọn kò sì le púpọ̀ bí wọ́n bá tètè lọ. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ rí dókítà, ẹ ó gbọ́ èsì: "Ṣé mo ya wèrè ni?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dí ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́ wọn. Bọ́rọ̀ ṣe ń pa èèyàn nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, orúkọ tuntun náà ń gbó. Lọ́dún 1994, Steven Pinker, onímọ̀ nípa èdè àti ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé bí a bá yọ orúkọ tó ti di èébú, tí a fi òmíràn tó dùn rọ́pò rẹ̀, kì í pẹ́ tí ti tuntun náà fi ń di èébú, nítorí ojú tí a fi ń wo onítọ̀hún kò tíì yí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ gan-an nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà wọn mú wá láti fi rọ́pò èébú àtijọ́ fún ọmọ tí òye rẹ̀ kò yá di ohun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń bú ara wọn, títí Ààrẹ Obama fi buwọ́ lu òfin lọ́dún 2010 pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìjọba àpapọ̀.

A ò ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí gbogbo ayé wá wò ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Dípò kó ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n gbà wọ́n sílé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un. Lójú ọ̀sán wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á padà sáàárín àwọn ará abúlé. Lónìí, bí ọmọ kan bá ṣe ohun tí orí kò gbà, kí la máa ń ní? "Ẹ gbé e lọ sí Aro jàre!" Ilé ìwòsàn tó sọ aláìsàn di aládùúgbò èèyàn ni a sọ di èébú.

Àwọn tọ́rọ̀ kàn gan-an kò fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ tó yẹ ká máa pè wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ṣe ìpinnu lọ́dún 1993 pé afọ́jú ni kí wọ́n pe àwọn, pé àwọn ò fẹ́ àdàpè. Ó dà bíi pé kí ẹnì kan níbí sọ pé òun ò fẹ́ "ẹni tó ní ìpèníjà ojú" tí àwọn oníròyìn ń pè é. Ẹgbẹ́ àwọn adití lágbàáyé ní adití kì í ṣe èébú. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí wọ́n máa pe àwọn ní odi, nítorí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, jàǹbá ọkọ̀ lọ́dún 1997 ló sọ Yinka Ayefele di ẹni tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Akanran pé ta ni. Wọ́n á ní olórin ni, òun ló ni rédíò Fresh FM. Iṣẹ́ rẹ̀ ti fún un lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó ráàyè wá àdàpè fún un.

Orúkọ tó yẹ ká pa tì kíákíá kì í tilẹ̀ ṣe èébú. Kògbóògùn ni. Nígbà tó di ọdún 1986 tí wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àrùn éèdì ní Nàìjíríà, orúkọ náà bá a mu, kò gbóògùn lóòótọ́. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Fela kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló pa àbúrò òun. Ó lè sọ pé "àìsàn ránpẹ́" ni, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́ sára pósítà òkú, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í. Ó pe àrùn náà lórúkọ, ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé irọ́ òyìnbó ni sì gbà pé ó wà.

Láti ìgbà yẹn ni oògùn ti dé. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni nílé ìwòsàn ìjọba. Kì í mú kòkòrò náà kúrò lára pátápátá, àmọ́ ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Á ṣiṣẹ́, á tọ́mọ, á darúgbó. Síbẹ̀, ìpolówó lórí rédíò ṣì ń ké pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò "àrùn kògbóògùn éèdì." Ta ni yóò wọ ọ̀kadà láti oko wá ṣàyẹ̀wò àrùn tí orúkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé asán ni? Àjọ ìlera àgbáyé kò fojú kékeré wo irú nǹkan báyìí. Ọdún 2015 ni wọ́n ti ṣe ìlànà lórí bí a ó ṣe máa sọ àrùn lórúkọ, lọ́dún 2022 wọ́n sì yọ ọ̀bọ kúrò nínú orúkọ àrùn tí à ń pè ní mpox báyìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, kì í ṣe bí orúkọ ṣe dùn tó ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bóyá ó ń purọ́ tàbí kò purọ́ ni mo ń wò. Kògbóògùn ń purọ́. Odi ń purọ́. Wèrè ń purọ́ nígbà tí a bá fi bo ẹni tí ìbànújẹ́ dè mọ́lẹ̀. Olódo tí tíṣà ń pe ọmọ tí kò rí ara pátákó ìkọ̀wé láti ẹ̀yìn kíláàsì ń purọ́, awò ojú lọmọ yẹn nílò. Afọ́jú kò purọ́. Ní ti àkàndá ẹ̀dá, mi ò bá a jà, ó dùn létí. Kìkì pé ó ti rọrùn jù fún àwọn tó ń pè é. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò pẹ̀lú àkàndá ẹ̀dá lọ́jọ́ ìpàdé ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì níwájú. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ abúlé á gbé e mì nígbà òjò, kò sì rọrùn láti fi ọ̀kadà gbé e. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, adìẹ ti ń yé lé e lórí.

Òfin ń béèrè ju orúkọ dídùn lọ. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó ní a kò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ tó bá rú u yóò san mílíọ̀nù kan náírà; ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọ́fíìsì ìjọba tó wà ládùúgbò yín. Bó bá jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ bi àwọn tó ni ín.