Kí ni 'null' tó ń mú kí kọ̀ǹpútà dákú, báwo sì ni àwọn onímọ̀ ṣe ń dènà rẹ̀?

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri àgbáyé ni kò rí ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Spotify dákẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, Discord dẹnu kọlẹ̀, Gmail àti Google Meet náà ò yọ sílẹ̀.

Nígbà tí Google máa ṣàlàyé, kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà ńbẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ní ìlànà tuntun kan wọ inú ètò àwọn, àmọ́ àwọn àyè kan nínú rẹ̀ ṣófo. Kọ̀ǹpútà wá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kò bá nǹkan kan, ló bá dákú. Bó ṣe ń jí ló tún ń dákú.

Irú òfo yìí ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní 'null'.

Ṣé òfo àti òdo kì í ṣe nǹkan kan náà?

Rárá o. Ká ní fọ́ọ̀mù kan béèrè iye owó tó wà nínú àkáǹtì yín. Tí ẹ bá kọ òdo síbẹ̀, ìdáhùn nìyẹn: àkáǹtì wà, owó ni kò sí nínú rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fi àyè náà sílẹ̀ láì kọ nǹkan kan, ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ò ní àkáǹtì rárá, àbí ẹ gbàgbé, àbí ẹ ò kàn fẹ́ sọ?

Ìṣòro null ni pé nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, ó lè fara pamọ́ sí ibikíbi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé igbá lé èèyàn lọ́wọ́ pé iṣu wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí omi bá hó lórí iná, tó fẹ́ kó iṣu sí i, ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé igbá lásán ni.

Ta ló dá null sílẹ̀?

Tony Hoare, gbajúmọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba àmì ẹ̀yẹ Turing lọ́dún 1980, ló fi í sínú èdè kọ̀ǹpútà ALGOL W lọ́dún 1965. Níbi àpérò kan ní London lọ́dún 2009, ó tọrọ àforíjì, ó sì pè é ní àṣìṣe òun tó tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ó ní òun ṣe é torí pé ó rọrùn láti ṣe.

Ọkùnrin onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní ìpínlẹ̀ California jẹ nínú iyán rẹ̀. Ó fi 'NULL' ṣe nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Bó ṣe sọ níbi àpérò DEF CON lọ́dún 2019, owó ìtanràn tó lé ní 12,000 dọ́là ló já lé e lórí, fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọkọ̀ míì tí wọn ò kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín "ọkọ̀ tó ń jẹ́ NULL" àti "a ò mọ ọkọ̀ náà".

Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá dá sí i?

Ọ̀nà kan wà láti kọ ètò kọ̀ǹpútà, functional programming ni wọ́n ń pè é. Nínú àwọn èdè tó ń tọ ọ̀nà yìí, bíi Haskell àti OCaml, ohun tó ṣeé ṣe kó má sí kì í wá lásán. Inú igbá tó ní ìdérí ni wọ́n máa ń gbé e sí. Haskell ń pe igbá náà ní Maybe, OCaml ń pè é ní option.

Ohun méjì péré ni igbá Maybe lè jẹ́: Just, ìyẹn ni pé nǹkan wà nínú rẹ̀, tàbí Nothing, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan. Tí ẹni tó ń kọ ètò bá fẹ́ lo igbá náà bí ẹni pé iṣu gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èdè náà máa kọ̀ jálẹ̀ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Àfi kó ṣí ìdérí, kó sì sọ ohun tó máa ṣe bí igbá bá ṣófo.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà ẹ̀bùrú wà láti já ìdérí náà láì wò ó. Àmọ́ ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Kí ló kan aláìsàn níbẹ̀?

Ẹ wo fáìlì aláìsàn ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń kọ oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà sí. Tí àyè náà bá ṣófo, nọ́ọ̀sì lè rò pé kò sí oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Maybe lè ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, torí pé igbá lè wà nínú igbá. Bí igbá ìta bá ṣófo, a ò tíì béèrè. Bí igbá ìta bá ní igbá kékeré nínú, tí ti inú sì ṣófo, a ti béèrè, aláìsàn ní kò sí. Bí ti inú bá ní nǹkan, bíi pẹnisílìnì, a mọ ohun tí a ò gbọdọ̀ fún un. Null ò lè ṣe èyí, òfo kan náà ló máa ń jẹ́.

Ṣé null ti fẹ́ kógbá sílé?

Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Java fi Optional kún ara rẹ̀ lọ́dún 2014, ọdún yẹn náà ni Apple gbé Swift jáde pẹ̀lú irú ọgbọ́n yìí. Kotlin, tí Google fọwọ́ sí fún Android lọ́dún 2017, máa ń béèrè àmì ìbéèrè lára ohunkóhun tó lè ṣófo. Síbẹ̀, null ṣì wà nínú Java àti nínú ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí.

Igbá onídèérí kò lè mú ohun tí kò sí wá. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ẹnì kan ti yẹ inú igbá wò kí omi tó hó.