Kwangila ni a ti ń yà fún Kano: bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń yan ọ̀nà yí ìlú ká

Ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kò ní ohun tó ń wá láàárín ìlú tí kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ì báà ṣe tírélà akẹ́rù, ì báà ṣe bọ́ọ̀sì akérò, ì báà sì ṣe ọkọ̀ oníbùsùn tí àwọn ará Yúróòpù fi ń rìnrìn àjò afẹ́, tí ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìdààmú kan náà ló ń bá gbogbo wọn bí wọ́n bá há sáàárín ìlú. Wọ́n gùn, wọ́n ga, wọn kì í rí ibi yí padà bọ̀rọ̀, epo wọn sì ń jó lórí ìdúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè rí ni pé ẹnu bodè ìlú kọ́ ni a ti ń yà fún ìlú. Orítá tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó máa wá ọ̀nà mìíràn ti pẹ́ jù. Ní àríwá Nàìjíríà, ibi tí èyí ti hàn gbangba ni Sabon Gari ní Zaria, níbi tí ọ̀nà sí ìlú ńlá méjì, Kaduna àti Kano, ti pàdé àwọn ọ̀nà tó lè gbé ènìyàn kọjá láì wọ èyíkéyìí nínú wọn.

Ìdí tí Zaria fi jẹ́ ìkóríta

Zaria wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí àríwá Kaduna, ó sì fi nǹkan bí 150 kìlómítà jìnnà sí Kano. Ojú irin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìkóríta. Lọ́dún 1912, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sí Kano ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi máa di 1914, ojú irin tóóró kan ti ti Zaria dé Bukuru lórí òkè Jos, nítorí tín-ìn tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ẹ̀ka mìíràn tún lọ sí Kaura Namoda. Àwọn àlejò tó bá iṣẹ́ ojú irin àti òwò dé, Yorùbá, Ígbò àti àwọn mìíràn, tẹ̀dó sí Sabon Gari, lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́.

Ọ̀nà mọ́tò tọ ipasẹ̀ irin náà. Ọ̀nà A2 tó ti Port Harcourt wá gba Benin, Lọ́kọ́ja, Àbújá àti Kaduna dé Zaria, ó sì kọjá sí Kano títí dé bodè Niger ní Kongolam. Apá kan rẹ̀ wà lára ọ̀nà tó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Èkó dé Algiers, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,500 kìlómítà. Ọ̀nà mìíràn yà sí ìwọ̀-oòrùn láti Zaria, ó gba Samaru, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà láti ọdún 1962, ó sì lọ sí Funtua, Gusau àti Sokoto. Ọ̀kan tún yà sí gúúsù ìlà-oòrùn, ó gba Pambegua àti Saminaka lọ sí Jos. Kwangila ni ọ̀nà márosẹ̀ Kaduna sí Kano ti pàdé ọ̀nà Sokoto, lábẹ́ afárá. Bí ọkọ̀ kò bá ní ìdí láti wọ ọjà PZ láàárín Sabon Gari, ojú márosẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi kọjá.

Ẹni tó ń lọ sókè: ṣé dandan ni Kano?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí ọkọ̀ ń lọ gan-an. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Maiduguri tàbí Hadejia lè dé ẹnu bodè Kano ní Na'ibawa, kó sì gba ọ̀nà àyíká ìlà-oòrùn láì wọ àárín ìlú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ sí Katsina ní ọ̀nà mìíràn pátápátá. Ó lè yà ní Kwangila, kó gba Funtua àti Malumfashi, kó má sì rí Kano rárá.

Lórí àwòrán ilẹ̀, ọ̀nà Funtua yìí dà bí ẹni pé ó gún régé. Àwọn agbébọn àti ajínigbé ló sọ ọ́ di ọ̀nà tí awakọ̀ ń rò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí wọ́n ti da ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Katsina láàmú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ fara mọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kano ju ọ̀nà tó dá lọ. Ọ̀nà tó kúrú lè náni ju èyí tó gùn lọ.

Ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀: Kaduna

Kaduna ní òpópónà kan tó la àárín rẹ̀ kọjá, Ahmadu Bello Way, ó sì ní ọ̀nà àyíká kan ní ìwọ̀-oòrùn, Nnamdi Azikiwe. Ọkọ̀ tó bá ti Zaria dé Kawo, tí kò sì ní ẹrù tàbí èrò láti já sílẹ̀ nínú ìlú, ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn yẹn ni tirẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà àyíká ti ìlà-oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ gan-an. Nítorí èyí, ìwọ̀-oòrùn nìkan ló ń gbé ẹrù méjì.

Ẹni tó ń lọ sí Àbújá lè yẹra fún Kaduna pátápátá bó bá gba Pambegua dé Jos, kó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Akwanga àti Keffi. Ọ̀nà yìí gùn púpọ̀ ju tààrà lọ, kò sì yẹ àfi bí iṣẹ́ bá wà ní Jos tàbí bí ewu bá wà lójú ọ̀nà Kaduna sí Àbújá. Ewu yẹn kì í ṣe ohun àròsọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọ lu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá bọ̀ wá sí Kaduna.

Títún ojú ọ̀nà ṣe náà wà lára ìṣirò. Ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà Àbújá sí Kano, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 375 kìlómítà, jáde ní ìparí ọdún 2017. Wọ́n pín in sí mẹ́ta, Zaria sì ni ààlà láàárín ìpín kejì àti ìkẹta. Ìpín méjì yìí parí ṣáájú ìpín kìíní láti Àbújá sí Kaduna. Ẹni tó ń ti Zaria lọ lè máa sáré dáadáa lápá kan ìrìn àjò, kó wá há sójú iṣẹ́ lápá kejì.

Ọ̀nà ilé Yorùbá

Fún Yorùbá tó ń ti Sabon Gari lọ sí Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn, ọ̀nà àtijọ́ ni Kaduna, Birnin Gwari, Tegina, Kontagora, Mokwa àti Jẹ́bbà. Mando, lẹ́bàá ìlú Kaduna, ni ọ̀nà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ló gún jù. Ìjínigbé lágbègbè Birnin Gwari ló lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò níbẹ̀, tí wọ́n fi ń gba Àbújá, Lọ́kọ́ja, Òkénè àti Àkúrẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ.

Omi náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ẹ̀kún omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ní Koton Karfe, ọkọ̀ sì tò síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, ẹ̀kún omi pa ènìyàn tó ju 200 lọ ní Mokwa. Ọ̀nà méjèèjì tó lọ sí ilẹ̀ Yorùbá ló ní ibi tí omi lè gé e sí, nítorí náà, a kì í yan ọ̀nà lóṣù kẹsàn-án bí a ṣe ń yàn án lóṣù kìíní. Ọyẹ́ ló wà nínú oṣù kìíní, kùrukùru rẹ̀ sì lè má jẹ́ kí awakọ̀ rí ọ̀gangan iwájú rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, Sàgámù ni Kwangila ti Èkó. Ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Benin lè yà níbẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀ láì wọ Èkó. Èyí tó ń lọ sí Cotonou lè gba Abẹ́òkúta lọ sí bodè Ìdìrókò.

Àkókò àti eré

Ẹ̀rọ tó ń fọ̀nà hanni lórí fóònù sábà máa ń ṣírò fún ọkọ̀ kékeré. Ní Nàìjíríà, òfin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sáré 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan lójú márosẹ̀, ṣùgbọ́n 60 ni ti tírélà àti táńkà. Láti Zaria dé Kano, wákàtí kan ààbọ̀ ni ti ọkọ̀ kékeré, wákàtí méjì ààbọ̀ ni ti tírélà, bí ohunkóhun kò bá dá a dúró. Tírélà tó bá kúrò ní Kwangila ní agogo márùn-ún ìdájí yóò dé Kano ní agogo méje ààbọ̀, àsìkò tí àwọn ọmọ iléèwé àti òṣìṣẹ́ kún títì. Èyí tó bá kúrò ní agogo méje ààbọ̀ yóò dé ní agogo mẹ́wàá, nígbà tí ojú ọ̀nà ti dẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, àwọn tó ń lọ kírun kún àyíká mọ́ṣáláṣí ńlá. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹṣin àti èrò ìwòran ló sábà máa ń gba títì Kano àti Zaria. Kò sí ọ̀nà àyíká tó wúlò tó kí ènìyàn mọ ọjọ́ tí kò yẹ kó jáde.

Ìdí tí ọ̀nà àyíká fi ń kún

Wọ́n máa ń la ọ̀nà àyíká sí ẹ̀yìn ìlú, ìlú a sì tọ̀ ọ́ lọ. Gáréèjì á kọ́kọ́ dé, àwọn tó ń ta oúnjẹ á tẹ̀ lé e, mẹkáníìkì àti vọ́kánáísà náà á wá, lẹ́yìn náà ilé á yọ. Kwangila rí bẹ́ẹ̀: márosẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ń kọjá ti di ibi tí èrò ti ń wọkọ̀, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ti ń yí padà.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1968, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì kan, Dietrich Braess, fi hàn pé fífi ọ̀nà tuntun kan kún àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ lè mú kí ìrìn àjò gbogbo ènìyàn pẹ́ sí i, bí olúkúlùkù bá ń yan èyí tó dára fún ara rẹ̀ nìkan. Lọ́dún 2011, Gilles Duranton àti Matthew Turner tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìlú Amẹ́ríkà: bí ọ̀nà márosẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i náà ni ìwakọ̀ ń pọ̀ sí i, débi pé àyè tuntun náà á kún.

Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí dáadáa. M25, ọ̀nà tó yí ìlú náà ká, gùn ní 188 kìlómítà, ó sì parí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1986. Kò pẹ́ tó fi kún, wọ́n sì ti fẹ̀ ẹ́ lójú lọ́pọ̀ ibi láti ìgbà náà. Síbẹ̀, onímọ́tò oníbùsùn ní ìdí mìíràn láti dúró sórí rẹ̀. Láti ọdún 2012, òfin èéfín ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá tóbi. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, òfin tó le jù ti dé gbogbo àdúgbò ìlú náà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó yóò san owó bó bá wọlé, M25 kò sí nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń yàn án

Ọ̀nà yíyàn ní ètò. Ààbò ló ṣáájú: ọ̀nà tí kò bá láàbò kò sí lára ohun tí a ń yàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ara ọkọ̀: gíga, ìwúwo, àti bóyá yóò rí ibi yí padà. Ìkẹta ni àsìkò tí ọkọ̀ yóò dé ìlú. Iye kìlómítà ló gbẹ̀yìn. Zaria náà ni ìjọba àpapọ̀ fìdí iléèwé ìmọ̀ ìrìnnà ọkọ̀ ti Nàìjíríà, NITT, múlẹ̀ sí lọ́dún 1986, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ síléèwé náà lè béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Kí ó béèrè ní gáréèjì, kó tó kọjá orítá. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè náà.