Ta Ló Fi Pàṣán Sínú Bàtà Ọmọ Yìí?

Àwòrán kan ṣoṣo la fẹ́ jọ wò lónìí. Jan Steen, ará Netherlands, ló fi ọ̀dà yà á láàárín ọdún 1665 sí 1668, ó sì wà ní Rijksmuseum ní ìlú Amsterdam. Ẹ wá “Jan Steen, Feast of Saint Nicholas” lórí Google, ẹ ṣí i, ká jọ máa wò ó lọ.

Ọdún Saint Nicholas ni wọ́n ń ṣe nínú ilé yẹn. Inú oṣù Kejìlá ló máa ń bọ́ sí. Ọmọ á gbé bàtà kalẹ̀, tó bá gbọ́ràn, á bá ẹ̀bùn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ aláìgbọràn ńkọ́? Pàṣán ni!

Ẹ wo ọmọdébìnrin tó wà níwájú. Ó gbá bèbí mọ́ra, garawa tó kún fún ẹ̀bùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí i, ọmọ ò dá a lóhùn. Ọmọkùnrin kan ń sunkún lápá òsì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan gbé bàtà dání, pàṣán wà nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nàka sí i, ó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbẹ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ fi ìka méjì fẹ ẹ̀yìn àwòrán náà. Ṣé ẹ rí màmá àgbà yẹn? Ó di kọ́tìnnì mú, ó ń fi ìka pe ẹnì kan. Ó jọ pé ẹ̀bùn ọmọ tó ń sunkún ló fi pa mọ́ síbẹ̀. Àwa náà mọ ọ̀rọ̀ yìí: tá a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra.

Ó tún ku ohun kan. Pùròtẹ́sítáǹtì ló ń ṣèjọba nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ aláṣẹ ò sì fẹ́ ọdún yìí, torí wọ́n kà á sí ti Àgùdà. Àgùdà ni Steen fúnra rẹ̀. Ẹ wá padà wo bèbí yẹn: ère Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni. Ohun ìṣeré ọmọdé ló fi sọ ohun tí àwọn aláṣẹ ò fẹ́ gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá tún rí àwòrán àwọn ọmọ tó ń ṣeré, ẹ má wo ẹ̀rín nìkan. Ẹ máa tẹ̀ lé ọwọ́: ta ló ń nàka, ta ló ń gbà, ta ló sì ń pe ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n? Ibẹ̀ ni ìtàn wà.