Ẹ Ka Eyín Irin Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi Land Rover àtijọ́ kó iṣu wọ Minna lásìkò òjò, ẹ fara balẹ̀ ra irin eléyín tòkunbọ̀ tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú Series III, ọ̀pá tí ń ti ìdí jíà bọ̀ ń yí ní ìgbà 4.7 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú ẹrẹ̀, lórí jíà kìíní ti ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì a máa yí tó ìgbà 40. Agbára nìyẹn, kì í ṣe eré.

Àwọn kan ń fi 3.54 sí ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè sáré lọ sí Bida. Iwájú ńkọ́? Bí kò bá bá ẹ̀yìn dọ́gba, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń fà, irin yóò máa bá irin jà títí ọ̀kan yóò fi ṣẹ́. Ẹ fi iye eyín kékeré pín ti ńlá: iye kan náà ni kí ó jáde níwájú àti lẹ́yìn.