Igi gọ́ọ̀fù tòkúnbọ̀: ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó sanwó o!

Ẹ lọ sí Ọjà Tuntun n'Ílọrin, kẹ́ ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ra ṣòkòtò òkìríkà. Kò sẹ́ni tó kàn máa sanwó kó máa lọ. Wọ́n á nà án sára, wọ́n á fi wé ìbàdí, bó bá sì gùn, wọ́n á gbé e fún télọ̀ kó bá wọn gé e. Ṣùgbọ́n bó bá di pé kẹ́ni yìí kan náà ra igi gọ́ọ̀fù tòkúnbọ̀, ohun tó máa béèrè kò ju mẹ́ta lọ: èló ni, orúkọ wo ló wà lórí ẹ̀, ṣé wọn ò tíì lò ó jù? Bó ṣe gùn tó ò kàn án.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òyìnbó tó kọ́kọ́ ni igi yẹn lè ga bí òpó iná, kó jẹ́ pé ara tiẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́. Bí ẹni kúkúrú bá mú un, imú igi á yọ sókè, bọ́ọ̀lù á sì máa sá lọ sápá òsì fún ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá. Bó bá wá kúrú jù, ẹni ọ̀hún á tẹ̀ bí ẹni ń roko, bọ́ọ̀lù á máa yà sí ọ̀tún, tó bá sì délé tán, ẹ̀yìn ló máa máa dì mú.

Gíga nìkan kọ́ là ń wò o. Ẹni méjì lè ga dọ́gba, kí apá ọ̀kan gùn ju tèkejì lọ. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ sọ apá sílẹ̀, kẹ́nì kan wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìlà ọrùn ọwọ́ dé ilẹ̀. Fún ọkùnrin, bó bá wà láàrin ínǹṣì 34 sí 37, igi tó ń ti ilé-iṣẹ́ jáde sábà máa ń bá a mu. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́rin ínǹṣì sí ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò.

Àwọn kan á ní igi gígùn ló ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà. Wọn ò parọ́, torí ó máa ń yára fẹ́ ju kúkúrú lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń gùn sí i ni àárín ojú ẹ̀ ń ṣòro í bá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Tiger Woods gba ìdíje Masters lọ́dún 1997, tó fi ìgbá 12 borí ẹni tó tẹ̀lé e, dírẹ́bà ọwọ́ ẹ̀ (kì í ṣe awakọ̀ o, igi tó gùn jù nínú àpò ni) ò ju ínǹṣì 43 àti ààbọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí sábà máa ń lé ní 45. Òfin gọ́ọ̀fù ò gbà kó kọjá 48, láti oṣù kìíní ọdún 2022 sì ni wọ́n ti fún àwọn tó ń ṣètò ìdíje àwọn ògbóǹtarìgì láyè láti fi mọ sí 46.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nílẹ̀ yìí, kádì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, igi tí ọ̀gá pa tì ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lówó tó máa fi ṣòfò. Tórí náà, ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ di igi mú nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù bíi mẹ́wàá. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti ṣí ni bọ́ọ̀lù ti ń kàn án. Bó bá ti ń sún mọ́ àárín, ẹ ti rí bẹ́ ẹ ṣe máa gé e.

Òkè, níbi rọ́bà ìdìmú, la ti ń gé e, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Orí igi á dà bíi pé ó fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Àmọ́ ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ̀ ń gé igi yín àtijọ́ fọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ẹ jọ̀ọ́, ó ṣì wúwo jù fún un, ó sì le gan-an. Ẹ wá tọmọdé fún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, rọ́bà ìdìmú tuntun ni wọ́n máa fi sí i, owó nìyẹn náà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná igi ọ̀hún, ẹ yọ owó rọ́bà kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.